Ike búlúù àbí ike dúdú? Àyẹ̀wò iyọ̀ òkun Red Sea fún ẹni tó ń sin iyùn ààyè ní Ògbómọ̀ṣọ́

Iyùn tí ìyàwó máa ń so mọ́ ọrùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó, egungun ẹ̀dá omi kan ni. Nígbà tí ẹ̀dá náà wà láàyè, ó ní ẹnu, ó ń jẹun, ó sì ń ṣa ohun tó wà nínú omi òkun fi mọ egungun ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Irú rẹ̀ ni àwọn kan ń sìn nínú gíláàsì ní pálọ̀ báyìí, òun àti ẹja aláràbarà, ní ìlú tó jẹ́ pé Èkó lèèyàn máa dé kó tó fojú kan òkun. Ohun tó ń gbé gbogbo rẹ̀ ró ni iyọ̀. Gíláàsì, ẹ̀ẹ̀kan là ń rà á. Pọ́ǹpù, ó di ìgbà tó bá jóná. Iyọ̀ ni kì í yé tán, òun náà ni àṣìṣe rẹ̀ sì ń pa iyùn láìpariwo.

Ilé iṣẹ́ Red Sea ń ṣe oríṣi iyọ̀ méjì tí àwọn ènìyàn máa ń ṣi ara wọn mú. Ọ̀kan wà nínú ike búlúù, Red Sea Salt ni wọ́n kọ sí i lára. Èkejì wà nínú ike dúdú, orúkọ tirẹ̀ ni Coral Pro Salt. Dúdú wọ́n ju búlúù lọ, orúkọ rẹ̀ sì dà bí ẹni pé òun ni ọ̀gá. Ohun tí àyẹ̀wò yìí fẹ́ sọ ni pé fún ọ̀pọ̀ ilé tó wà láti Tákíè títí dé Under-G, búlúù ló yẹ kí ẹ fi owó yín rà. Dúdú kì í ṣe ọjà burúkú. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún ni kì í ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé ìbéèrè kan kúrò nílẹ̀. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò lè ṣe é. Lóòótọ́, sódíọ́mù àti kúlóráìdì tó jẹ́ iyọ̀ ọbẹ̀ ló kó nǹkan bí ìdá 86 nínú 100 gbogbo iyọ̀ tó wà nínú òkun, ṣùgbọ́n ìdá 14 tó kù ni iyùn ń bá ṣòwò: magnésíọ́mù, kálísíọ́mù, pòtásíọ́mù, sọ́lféètì, àti àwọn èròjà tí kì í jẹ́ kí omi kan, tí à ń pe ìwọ̀n wọn ní KH. Ìbátan káún ni KH yìí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ìyẹn bu káún ọjà sínú táǹkì. Ilẹ̀ ni wọ́n ti wà á, ohun mìíràn tó bá a wá kò sì ní òǹkà.

Omi òkun gan-an ní gírámù iyọ̀ 35 nínú kìlógírámù kan, òun la ń pè ní 35 ppt. Ní ìwọ̀n yẹn, KH òkun jẹ́ nǹkan bí 7, kálísíọ́mù rẹ̀ ń lọ sí 420 ppm (mílígírámù nínú kìlógírámù kan), magnésíọ́mù rẹ̀ ń lọ sí 1,300. Ike búlúù sún mọ́ òkun pẹ́kípẹ́kí, KH rẹ̀ wà ní àgbègbè 8. Ti ike dúdú mọ̀ọ́mọ̀ ga: KH rẹ̀ ń lọ sí 12, kálísíọ́mù àti magnésíọ́mù rẹ̀ náà sì ju ti òkun lọ. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé iyùn olókùúta, irú Acropora àti Montipora, ń fa kálísíọ́mù àti KH lójoojúmọ́ láti fi mọ egungun. Bí táǹkì bá kún fún wọn, omi tuntun tó lọ́rọ̀ á dí ohun tí wọ́n ti jẹ lójú.

Ẹni tó bá ń rò pé òun lè fi kẹ́ẹ̀gì gbé omi òkun wá láti Èkó, kó ro ìwúwo rẹ̀ ná: lítà 100 ju kìlógírámù 100 lọ. Kó tún rò ó pé omi ọ̀sà kì í ṣe omi òkun; òjò ń sọ iyọ̀ inú rẹ̀ di kékeré, ohun tí ìlú ńlá ń dà sí i kò sì mọ níwọ̀n. Iyọ̀ inú ike rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí a tó ṣí ike kankan, omi ni ká yanjú, nítorí iyọ̀ tó wọ́n jù láyé kò lè tún omi burúkú ṣe. Àpáta ló wà lábẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́. Omi kànga àti ti kànga ẹ̀rọ ń gba ara àpáta yẹn kọjá, wọ́n ń kó sílíkéètì, irin àti kálísíọ́mù dání. Kànga tí kò jìn tó sì sún mọ́ ṣalángá tàbí sọ́kàwéè ń kó nítíréètì mọ́ ọn. Ẹ fi mítà TDS, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka gbogbo ohun tó ti yòrò sínú omi, wọn omi ilé yín. Ká ní ó ka 300, ìyẹn mílígírámù 300 nínú lítà kan. Táǹkì lítà 100 tí fáànù ń fẹ́ lójú lè pàdánù omi lítà kan àtààbọ̀ lójúmọ́. Bí ẹ bá ń fi omi kànga yẹn dí i, kí ọdún tó yí po ẹ ti bu bíi lítà 547 sí i, gírámù 164 ohun tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀ sì ti wọ inú táǹkì, kí a tó yọ ìwọ̀nba tí omi pípààrọ̀ ń gbé jáde. Omi ló ń gbẹ, ohun inú rẹ̀ kì í gbẹ. Èérí pupa tó ń bo yanrìn àti ewéko omi tó ń gun gíláàsì lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni oúnjẹ wọn ti ń wá. Iyọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bú.

Píọ̀ wọ́tà kọ́ ni ojútùú. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kàn sẹ́, tí wọ́n sì pa kòkòrò inú rẹ̀. Ohun tó ti yòrò sínú omi náà ṣì wà níbẹ̀. Omi bátìrì tí àwọn rewáyà ń lò lè mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gbà á gbọ́, kí ẹ sì rí i dájú pé kì í ṣe ásíìdì ni wọ́n gbé lé yín lọ́wọ́. Ẹ̀rọ RO (reverse osmosis), tó ń ti omi gba inú awọ tóóró kan kọjá, ni òpin ọ̀rọ̀: asẹ́ ìdọ̀tí onímícron 5, asẹ́ èédú, membrane tó jẹ́ awọ yẹn, lẹ́yìn náà resin DI tó ń gba ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́kù. Òdo ni mítà gbọ́dọ̀ kà lẹ́yìn resin. Tó bá ti ń ka 2 tàbí 3, resin ti ń tán lọ.

Ibi tí ẹ̀rọ RO ti ń já àwọn ará ilé kulẹ̀ níbí ni agbára tó ń ti omi, tí à ń fi psi wọ̀n. Membrane fẹ́ psi 50 ó kéré tán kó tó lè ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Táǹkì dúdú orí òpó, tó bá ga ní mítà 4, kò lè fún un ju nǹkan bíi psi 6 lọ, nítorí mítà kan ìga kò ju psi 1.4 lọ. Ohun tí ẹ máa rí ni pé omi á máa kán tó... tó... bí òrùlé tó jò, omi tó ń jáde lára membrane á ṣì máa ka nọ́ńbà gíga, resin á sì tètè tán. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. Pọ́ǹpù kékeré tó ń ti omi fún RO, èyí tó ń lo 24 V, ló kù tí ẹ ò rà. Ẹ fi kún owó tí ẹ ń kó jọ. Omi tí ẹ̀rọ náà ń kọ̀ sílẹ̀ tó lítà 3 sí 4 fún lítà kan tó dára. Ẹ fi fọ aṣọ, ẹ fi bomi rin ata lẹ́yìnkùlé, kò sóhun tó ṣe é.

Ó wá ku pípò. Ẹni tó bá mọ àmàlà rò ti mọ ìdajì rẹ̀: èlùbọ́ là ń dà sínú omi, a kì í da omi sórí èlùbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni iyọ̀ yìí. Bí omi díẹ̀ bá bá iyọ̀ púpọ̀, kálísíọ́mù àti KH inú rẹ̀ á gbá ara wọn mú kí wọ́n tó rí àyè yòrò, wọ́n á di ẹfun, omi náà á funfun bí ìgbà tí wọ́n po láfún sí i. Ẹfun yẹn kò tún ní yòrò mọ́. Ohun tí ẹ fowó rà ti di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀ ike.

Ẹ wá ike onídèérí tó gba lítà 25 sí 30. Kó jẹ́ tuntun; èyí tí wọ́n fi gbé epo pupa rí kò dára, bó ti wù kí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tó, nítorí ọ̀rá á máa léfòó lórí omi, ọṣẹ tó kù sí i lára náà sì níṣẹ́ ibi tirẹ̀. Ẹ bu omi RO lítà 20 sí i, ẹ ti pọ́ǹpù kékeré bọ̀ ọ́ kó máa yí omi náà. Lítà kan ń fẹ́ nǹkan bíi gírámù 38 kó tó dé 35 ppt, nítorí náà gírámù 760 ni lítà 20 máa gbà. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ife bù ú. Ẹ bu 700 sí i lákọ̀ọ́kọ́, ní ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́, kí èyí tó wọlé yòrò kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Ẹ wo iyọ̀ rẹ̀ nígbà tí omi bá mọ́, kí ẹ tó fi ìyókù ká a dé 35. Fífi iyọ̀ kún un rọrùn. Yíyọ ọ́ ń gba omi RO tí ẹ fi iná àti àkókò ṣe.

Ìdájí ni kí ẹ pò ó. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni ooru ń mú yòrò, àmọ́ òdìkejì ni ẹfun: bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni ẹfun ń tètè jáde nínú rẹ̀. Ike tí òòrùn oṣù kejì tàbí oṣù kẹta ń pa ní fàráńdà á gbóná ju 35°C lọ ní ọ̀sán, KH gíga tó wà nínú ike dúdú sì ni ooru yẹn kọ́kọ́ máa ń mú. Ìyàtọ̀ tó tóbi jù láàárín iyọ̀ méjèèjì nìyí fún ẹni tó ń gbé ilẹ̀ gbígbóná. Búlúù tí ẹ pò ní ìdájí Jímọ̀ ṣì dára lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí ẹ bá ti dé e. Dúdú kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlànà tó wà lára ike rẹ̀ ni pé kí pípò rẹ̀ má ju wákàtí 4 lọ, kí ẹ sì lò ó. Ẹni tí wọ́n lè mú iná rẹ̀ lọ nígbàkígbà, kí wọ́n má dá a padà títí ilẹ̀ fi máa ṣú, báwo ló ṣe máa pa àkókò yẹn mọ́? Bí pọ́ǹpù bá dúró nígbà tí iyọ̀ ṣì wà nísàlẹ̀, á ṣù jọ síbẹ̀, á sì di ẹfun. Ẹ fi igi tó mọ́ rò ó fúnra yín títí á fi yòrò. Igi ọmọrogùn tuntun tí kò kan ọbẹ̀ rí ṣe é lò.

Lórí wíwọn iyọ̀, ohun èlò onígíláàsì tí à ń yọjú wò, tí wọ́n ń pè ní refractometer, ló dára tí kò sì wọ́n. Wàhálà rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi omi RO nìkan tò ó sí òdo, wọ́n á wá gbà pé ó tọ̀nà ní 35 náà. Ó lè má tọ̀nà. Ẹ fi omi tí ìwọ̀n rẹ̀ dájú tò ó. Ẹ lè ṣe é nílé: gírámù iyọ̀ ọbẹ̀ 36.5 nínú gírámù omi RO 963.5. Omi yẹn gbọ́dọ̀ ka 35 lórí refractometer tí wọ́n ṣe fún omi òkun; tí kò bá kà á, ẹ yí ìdè kékeré tó wà lórí rẹ̀ títí á fi kà á. Ibí yìí nìkan ni iyọ̀ ọbẹ̀ ti wúlò nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Òṣùwọ̀n tó ń ka gírámù ní ẹyọ-ẹyọ ti tó, bí ẹ bá ṣe kìlógírámù méjì: iyọ̀ gírámù 73, omi gírámù 1,927.

Ní báyìí, kí ló dé tí KH 12 fi lè jẹ́ ìṣòro? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Táǹkì yín wà ní KH 8. Ẹ pààrọ̀ ìdá 10 nínú 100 omi rẹ̀ pẹ̀lú dúdú: KH á gòkè ní 0.4. Ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e yẹ̀ wò nígbà tí ẹja kan kú sẹ́yìn òkúta, tí omi ń rùn, tí ẹ sì ní láti pààrọ̀ ìdá 30 lójú ẹsẹ̀: KH á fò sókè ní 1.2 láàárín wákàtí kan. Ìdá 50, ó di 2. Iyùn fẹ́ràn kí nǹkan má yí padà ju kó ga lọ. Nínú omi tí nítíréètì àti fọ́síféètì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tí KH wá ga, orí ẹ̀ka Acropora á jó, á funfun bí ìgbà tí iná rà á. Àwọn tó ń sìn ín mọ àmì yìí dáadáa. Pẹ̀lú búlúù, omi tuntun àti omi inú táǹkì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ lè pààrọ̀ ìdajì rẹ̀ nígbà ìjàǹbá láìsí ìpayà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sìn níbí náà kò fẹ́ KH 12. Zoanthid, mushroom, leather coral, Xenia: ẹlẹ́ran rírọ̀ ni wọ́n, wọn kì í mọ egungun ńlá, ohun tí wọ́n ń fà nínú omi kéré. Nínú táǹkì bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá ń lo dúdú lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, KH á máa fi díẹ̀díẹ̀ gòkè lọ sí 10, sí 11, nítorí kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ẹfun á máa dì mọ́ inú pọ́ǹpù àti ara ohun tó ń mú omi gbóná, bó ṣe ń dì mọ́ ìdí kẹ́tùlù. Pọ́ǹpù á bẹ̀rẹ̀ sí í han, á gbóná, á jóná. (Ẹ máa tú u, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú ọtí kíkan fún wákàtí kan, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín gbọ̀n ọ́n, kí ẹ ṣan án pẹ̀lú omi tó mọ́.)

Iyùn olókùúta díẹ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá fa 0.5 KH lọ́sẹ̀, omi pípààrọ̀ pẹ̀lú búlúù kò ní dá a padà: láti 7.5, ìdá 10 omi tó ní KH 8 á gbé e dé 7.55 péré. Dúdú á gbé e dé 7.95. Ẹ rí i pé dúdú ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n owó tí ẹ fi ń ṣe é pọ̀ ju ohun tó yẹ lọ, nítorí baking soda ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní owó péréte. Gírámù 3 rẹ̀ ń gbé KH táǹkì lítà 100 sókè ní 1. Ẹ yòrò rẹ̀ sínú ife omi RO, ẹ dà á díẹ̀díẹ̀ síbi tí omi ti ń sáré, kí ẹ má sì gbé e sókè ju 1 lọ lójúmọ́. Baking soda ni mo wí o, kì í ṣe baking powder tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì. Powder ní ásíìdì àti ìyẹ̀fun nínú, fọ́síféètì sì wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Orí tábìlì kan náà ni àwọn aláté máa ń tò wọ́n sí, nítorí náà ẹ ka ara rẹ̀.

Nígbà tí dúdú bá tọ́ sí ilé, àmì rẹ̀ nìyí: táǹkì kún fún iyùn olókùúta tó ń dàgbà, KH ń sọ̀ kalẹ̀ ju 0.5 lọ lójúmọ́, inverter wà tí kì í kú, ẹ sì ní ohun èlò tí ẹ fi ń wọn KH lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ó kéré tán. Hanna HI772 dára fún èyí torí pé nọ́ńbà ló ń fi hàn, kò sí pé à ń jiyàn lórí àwọ̀. Ìgò Salifert náà tó fún ẹni tí ojú rẹ̀ mọ àwọ̀ yà. Láìsí ìwọ̀nyí, ẹ má rà á.

Iyọ̀ kò dá dúró, ooru ń bá a ṣiṣẹ́. 25 sí 27°C ni iyùn fẹ́. Tí omi bá ga ju 30 lọ fún ọjọ́ mélòó kan, iyùn á lé ewéko kékeré tó ń gbé inú ẹran ara rẹ̀ jáde, á funfun, ebi á sì máa pa á. Fáànù kékeré tó ń fẹ́ ojú omi lè sọ ọ́ kalẹ̀ ní ìwọ̀n 2 sí 3. Lásìkò ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ó ń ṣiṣẹ́ bí idán. Nígbà òjò tí afẹ́fẹ́ tutù rinrin, agbára rẹ̀ ń dín kù. Ohun tí fáànù fi ń tu omi lára ni omi gbígbẹ, iyọ̀ kì í sì í bá a lọ. Táǹkì lítà 100 tó bá pàdánù lítà 8 láàárín ọjọ́ mẹ́rin tí kò sẹ́ni nílé á ti kúrò ní 35, á dé 38. Omi RO lásán lẹ ó fi dí i, kì í ṣe omi iyọ̀. Ẹ fi àmì sára gíláàsì, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé lè dí i dé ojú àmì láìbéèrè. Ẹni tó ń fi omi iyọ̀ dí i lójoojúmọ́ ń se ẹja rẹ̀ nínú ọbẹ̀ oníyọ̀, ó kàn jẹ́ pé ó ń falẹ̀ ni.

Nípa iná, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Omi òkun tó gbóná ní 27°C kò lè gba ọ́síjìn ju mílígírámù 6.5 lọ nínú lítà kan, ẹja àti iyùn sì ń fà á lọ lálẹ́. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ tó ń lo USB lórí pówà báǹkì ló yẹ kó ṣáájú láìtì aláwọ̀ mèremère nínú ohun tí ẹ máa rà.

Ìtọ́jú ike fúnra rẹ̀. Kí ẹ tó ṣí i, ẹ gbé e dùbúlẹ̀, ẹ yí i lórí ilẹ̀ síwá sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú mélòó kan, nítorí hóró wínníwínní ń wá ìsàlẹ̀ lọ lójú ọ̀nà, ohun tí ẹ bù lókè lè má rí bí ti ìsàlẹ̀. Magnésíọ́mù inú iyọ̀ yìí ń fa omi afẹ́fẹ́ mọ́ra. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ike tí ẹ ṣí sílẹ̀ fún ọjọ́ kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣù bí gaàrí tí omi kán sí. Ẹ so ọ̀rá inú rẹ̀ lọ́rùn pinpin lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹ dé e, ẹ gbé e kúrò lórí sìmẹ́ǹtì sórí pákó. Ẹ má da ìrẹsì sí i bí a ṣe ń dà á sínú agolo iyọ̀ ilé ìdáná. Ìyẹ̀fun rẹ̀ máa bá iyọ̀ wọnú omi. Iyọ̀ tó ṣù díẹ̀ tó ṣì ń fọ́ lọ́wọ́ ṣe é lò, bí ẹ bá wọn KH rẹ̀ lẹ́yìn pípò. Èyí tó ti le bí òkúta, KH àti kálísíọ́mù rẹ̀ lè ti di ẹfun láti inú ike. Ẹ má lò ó fún iyùn.

Ti owó: ẹ má fi nọ́ńbà lítà ara ike díwọ̀n, nítorí kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń ṣe ìṣirò wọn sí 35 ppt. Ẹ fi 38 pín iye gírámù rẹ̀. Ike kìlógírámù 22 á fún yín ní nǹkan bíi lítà 579. Ti 7, lítà 184. Táǹkì lítà 100 á kọ́kọ́ gba kìlógírámù 3.8, lẹ́yìn náà gírámù 380 lọ́sẹ̀ fún ìdá 10. Ike ńlá kan á tó o fún nǹkan bí oṣù mọ́kànlá. Táǹkì lítà 40 kò nílò ju ike 7 lọ, òun náà á lò ju oṣù mẹ́jọ lọ. Ẹ má tìtorí pé owó kìlógírámù rẹ̀ dín díẹ̀ ra ńlá fún táǹkì kékeré, òjò méjì á ti bá a nínú ilé kó tó tán. Tó bá jẹ́ wéébíìlì ló gbé e wá, ẹ wo ìdérí àti ọ̀rá inú rẹ̀ ní gáréèjì kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé; ike tó ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń gbé délé kí a tó máa jiyàn.

Tí búlúù bá wọ́n lójà, Instant Ocean lásán lè rọ́pò rẹ̀ fún ẹlẹ́ran rírọ̀, ṣùgbọ́n KH tirẹ̀ ga ju ti búlúù lọ, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n. Reef Crystals tí ilé iṣẹ́ kan náà ń ṣe, ẹgbẹ́ dúdú ni.

Ẹni tó bá ti ń lo dúdú tó fẹ́ bọ́ sí búlúù, kó má ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Bí táǹkì bá wà ní KH 11, ìdá 10 búlúù á gbé e wá sí 10.7, ọ̀sẹ̀ kejì á gbé e wá sí 10.4 tàbí kó sọ̀ díẹ̀ sí i, ní ìbámu pẹ̀lú ohun tí iyùn bá jẹ. Ẹ jẹ́ kó máa sọ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi dé 8. Ẹ má fi ìdá 50 fà á wálẹ̀ nítorí pé ike tuntun ti dé.